Páálí Ìṣáná

Lọ́jọ́ Ajé, kí n tó pe orúkọ,
mo ti gbé agolo wàrà òfìfo sórí tábìlì.
Páálí ìṣáná ń bọ́ sínú rẹ̀, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn,
kòkòrò ń ha ẹsẹ̀ nínú wọn
bí ẹni ń fi èékánná wá ojú ewé tó sọnù.

Nọ́ọ̀sì Nelfi ló kọ́ wa.
Alùpùpù ló gùn gòkè wá láti àfonífojì,
eruku bò ó dé ìpéǹpéjú.
Ó fi ẹfun ya finchúka sára pátákó,
ó yà á tóbi bí ewúrẹ́, àwọn ọmọ hó yèè.
"Kò ní ìró," ó ní, "kò sì bínú sí yín.
Inú ògiri amọ̀ ló ń gbé, níbi tó ti là.
Bí iná bá kú, á sọ̀ kalẹ̀,
á wá etí ẹnu yín, á mu ẹ̀jẹ̀,
á yàgbẹ́ síbi tó ti mu.
Lójú oorun, ọwọ́ yín á họ ọ́.
Ìgbẹ́ yẹn ni àrùn ń gùn bí ẹṣin wọ ara.
Ẹ ò ní mọ̀. Ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún,
ọkàn á máa wú díẹ̀díẹ̀ nínú òkùnkùn àyà."
Rufino nawọ́: "Ṣé ó ń mu ẹ̀jẹ̀ olùkọ́ náà?"
Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.
Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Mo ní ìwé kékeré kan:
Ilé Arnez, méjì. Ilé Zurita, ọ̀kan, ó ti kú.
Ilé Terrazas, márùn-ún pẹ̀lú ẹyin.
Severina nìkan ló ń wá lọ́wọ́ òfo.
Ìyá ìyá rẹ̀, Gumercinda, ti kìlọ̀ fún un:
"A kì í kó ìdọ̀tí ilé ẹni lọ kà lójú àwùjọ.
Kòkòrò yìí ti wà kí wọ́n tó bí mi."
N kò bá a jiyàn.
Ọdún kẹta rèé tí ọkọ rẹ̀ ṣubú sáàárín àgbàdo,
ọkọ́ kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.
Wọ́n ní afẹ́fẹ́ búburú ló lù ú.
Olùkọ́ náà gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tó yẹ kó gbé ẹfun sílẹ̀.

Ó di Ọjọ́bọ̀ kan, òjò yìnyín ń lu páànù,
Severina pẹ́ kó tó dé, aṣọ èjìká rẹ̀ ń ro omi.
Kì í ṣe ọ̀kan. Mọ́kànlá.
"Òru àná ni, a tan àbẹ́là.
Mo ń kà á sókè. Nígbà tí mo dé orí ìkeje,
màmá àgbà ní, 'Ibẹ̀ yẹn ni bàbá àgbà rẹ ń gbé orí sí.'
Kò sọ nǹkan kan mọ́.
Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ mú mẹ́rin tó kù."

Nelfi padà wá pẹ̀lú abẹ́rẹ́.
Èmi ni mo kọ́kọ́ ká apá aṣọ sókè,
"Ẹ wò mí, kò dùn mí rárá," irọ́ ni.
Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìwé dé.
Nínú ọmọ mọ́kàndínlógójì, mẹ́ta ló ní in.
Wọ́n ṣì kéré, oògùn á tètè bá wọn wí i.
Ìwé kan wà lọ́tọ̀, orúkọ mi ló wà lórí rẹ̀.
Mo kà á bí iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ ẹlòmíràn.
Ògiri mi ti lanu tipẹ́,
ilé onílé ni mò ń wò.

Ní Sátidé mo gbọ́ ẹsẹ̀ níta.
Rufino gbé garawa, àwọn Terrazas gbé koríko gígé,
wọ́n ti ń gún amọ̀ mọ́lẹ̀ kí n tó wọ bàtà.
"Olùkọ́," Rufino ní, kò rẹ́rìn-ín,
"ẹ sọ pé a ò gbọdọ̀ fi ihò kankan sílẹ̀."
Gumercinda rọra wọlé lẹ́yìn wọn, kò kí ẹnikẹ́ni.
Ó lọ tààrà sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mi,
ó ki àtàǹpàkò bọ inú ògiri tó là.
"Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibí," ó ní,
"níbi tó ń gbé orí sí."